Ìyá Oníjó Pọn Ìyàwó Sọdá Odò

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni Ìyá Oníjó ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ijó àwọn baba ńlá wa ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Bó bá ti lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tán, á kọjá sí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ilé, á máa kọ́ àwọn èèyàn ní ijó. Kì í rẹ́rìn-ín bó bá ń jó. Ó ní ijó kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún fáànù ṣe, wá lọ fẹ́ akọrin ọ́pẹ́rà, ìyẹn eré tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń sọ ohun gbogbo. Ọjọ́ tí ìyàwó kọ́kọ́ kọrin nínú ilé, Ìyá sáré jáde láti yàrá, ó ní ta ló ṣubú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí òṣìṣẹ́ báńkì àti oníbàárà.

Ìyàwó wá fẹ́ gbé eré kan kalẹ̀ lórí bí àwọn baba wa ṣe sá fún ogun tí wọ́n sì sọdá odò. Ó fẹ́ kó jẹ́ ọ́pẹ́rà lédè wa, kí ijó àtijọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹni tó lè fi ijó náà kọ́ni kò ju ẹnì kan lọ. Ó kúnlẹ̀ bẹ ìyá ọkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá kó àwọn oníjó rẹ̀ dé.

Níbi ìdánrawò, bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń sọdá odò nínú eré náà, ìyàwó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ìyá pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn dákẹ́.

"Ìyàwó, kí lo dúró ṣe?"

"Orin ìdágbére ni, mà."

"Ogun ń bọ̀ lẹ́yìn, o ń dágbére. Fún ta?"

"Mà, mi ò lè máa sáré kí n sì fa ohùn yìí gùn. Èémí mi ò ní tó."

Ọkọ, tó wá wò wọ́n, ní àwọn méjèèjì ló jàre. Àwọn méjèèjì wò ó. Ó rántí pé òun níṣẹ́ nígboro.

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Níkẹyìn Ìyá ní, "O ò lè sáré, o ò sì lè dúró. Ó kù ká gbé ẹ." Oníjó tó sígbọnlẹ̀ jù gbé e, ṣùgbọ́n ṣe ni ohùn ìyàwó ń gbọ̀n bí ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà olókùúta. Ìyá ti oníjó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Wá, jẹ́ kí n pọ̀n ẹ́."

"Háà, mà! Mo tóbi jù."

"O ò tó ẹrù aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Àbí o fẹ́ kí ogun bá wa ni?"

Ó pọ̀n ọ́n. Ó ń jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyàwó sì kọrin náà dópin láìgbọ̀n. Nígbà tí wọ́n sọdá tán, Ìyá kò tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ṣé ìsàlẹ̀ ikùn lo ti ń mú un wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ibẹ̀ náà la ti ń jó. Èmi rò pé ọ̀fun lo fi ń pariwo."

Ojú ìyàwó kún fómi. Ìyá ní kó má jẹ́ kó kán sí òun lọ́rùn.

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún àkúnya, àwọn àgbàlagbà sunkún láìtijú. Oníwèé ìròyìn kan bi Ìyá pé kí ni ìtumọ̀ pípọ̀n tó pọn ìyàwó. Ó ní kó lè dé òdìkejì odò ni. Ìlú mìíràn ti ránṣẹ́ pè wọ́n báyìí. Ìyá ní òun á lọ, ṣùgbọ́n kí ìyàwó rọra máa jẹun.