Ẹ̀kùyá àti Àbúrò Rẹ̀

Ẹ̀fọ́ ni mo ń tà ní Ṣàgámù nígbà yẹn, láyé tí ọ̀kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba títì mọ́ wa lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sí àdúgbò àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí ìjọ tó ń fi Sátidé ṣe ọjọ́ ìsinmi dá sílẹ̀. Wọn kì í rajà, wọn kì í dáná lọ́jọ́ náà, nítorí náà ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jinná kí oòrùn Ẹtì tó wọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í jẹ ẹran. Ẹni tí kì í jẹ ẹran, ta ni ì bá fẹ́ràn bí kò ṣe ẹlẹ́fọ̀ọ́?

Ẹ̀kùyá ni wọ́n ń bèèrè jù. Ó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé àti létí àkìtàn, ìyá àgbà kan ní Ìbídò ló sì ń já a fún mi. Nígbà tí orúnkún wọn dá wọn jókòó, mo ní èmi fúnra mi á já a.

Wọ́n ní, "Ṣé o dá a mọ̀?"

"Màmá, ẹ̀fọ́ tí mò ń tà!"

"Títà yàtọ̀ sí jíjá, ìwọ ọmọ yìí. Ó ní àbúrò kan nínú igbó tó jọ ọ́."

N ò dúró gbọ́ ìyókù. Ẹnu mi máa ń yá ju etí mi lọ. Mo já apẹ̀rẹ̀ kan kún, mo jókòó, mo já gbogbo òdòdó orí wọn dànù, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe é. Bí oníbàárà bá rí òdòdó lórí ẹ̀fọ́, á ní ó ti gbó, á sì fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, oníbàárà mi àgbà, olùkọ́ obìnrin tó ń kọ́ni nípa ewéko, dúró sẹ́nu ọ̀nà dè mí.

"Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, kí lẹ tà fún mi? Mo bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣì ń korò. Ọkọ mi ní ẹ̀ṣẹ̀ wo lòun ṣẹ̀ mí."

"Ẹ̀kùyá ni, mà. Mo fi orí mi búra."

"Ẹ má fi orí yín búra, ẹ ṣì máa fi ru apẹ̀rẹ̀." Ó fa ewé kan yọ nínú ìdì tuntun. "Ẹ kà á. Márùn-ún ni ewé ẹ̀kùyá lórí ọ̀pá kan, bí ìka ọwọ́. Mélòó nìyí?"

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, bóyá á pọ̀ sí i. "Mẹ́ta."

"Òdòdó ẹ̀kùyá funfun, ti èyí jẹ́ elésè àlùkò. Òdòdó wọn dà?"

"Mo ti já a dànù, mà."

"Ẹ já ẹlẹ́rìí dànù nìyẹn!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kó tó tún fajú ro. "Ìbátan ni wọ́n, wọ́n sì bá mọ́sítádì inú Bíbélì tan."

"Mọ́sítádì tó ń ṣí òkè nídìí?"

"Òun náà. Ṣùgbọ́n bí èyí bá tún wọ ìkòkò mi, ẹ má yà síbí mọ́."

Ilé méje ni mo ń tà fún níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mẹ́fà fi ń rà. Mo ní, "Ìgbàgbọ́ tèmi náà ò ju hóró kan lọ, mà. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan."

Ewúrẹ́ ló jẹ apẹ̀rẹ̀ ọjọ́ yẹn. Mo já méjèèjì tòdòdó-tòdòdó lọ bá ìyá àgbà. Wọ́n dijú, wọ́n fi ọwọ́ ra ewé, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Eléyìí ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ó ń ta sánsán: ẹ̀gbọ́n nìyí." Wọn ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Èmi náà dijú títí mo fi mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo fi òdòdó funfun sílẹ̀ lórí gbogbo ìdì. Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi ní, "Ìyàwó lò ń sìn lọ ni, àbí ẹ̀fọ́?" Mo ní ìyàwó ni, kí wọ́n wá san owó orí rẹ̀.

Olùkọ́ ka ewé. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tú ìdì mẹ́ta wò. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí odi, ó pariwo sí aládùúgbò rẹ̀: "Ẹ wá o, oòrùn ń lọ! Ẹ̀kùyá gidi ti dé!"

Ilé mẹ́sàn-án ló rà á lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn tuntun bi mí bóyá wọ́n ń se òdòdó náà mọ́ ọn. Mo ní rárá, mà, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni.