Iná Méjì Ní Àárọ̀ Ọyẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọn ò tíì kọ́ gbọ̀ngàn kankan sórí òkè Mápó, ọyẹ́ kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń sá fún. À ń retí rẹ̀ ni. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí wọ́n ti kó àgbàdo ìkẹyìn wọlé, a ó máa wo òkè náà láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí a bá jí tí a ò rí i mọ́, tí kùrukùru ti bò ó, a ó pariwo pé ọyẹ́ dé o! Epo á dì nínú ìkòkò. Ètè á bẹ̀rẹ̀ sí í là. Àwọn ìyá wa á gbé òrí jáde, wọ́n á fi kùn wá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, gbogbo wa á máa dán yinrin. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ súẹ́tà lónìí, ẹ ò mọ adùn kí ènìyàn fi aṣọ kíjìpá nínípọn bora láàárọ̀ kùtùkùtù, kó jókòó ti iná, kí iwájú máa gbóná, kí ẹ̀yìn máa tutù, kó wá yí ẹ̀yìn náà sí iná.

Ó dùn, àmọ́ kì í ṣe adùn rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Owú ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe jókòó yìí, tí eyín ti ń tán lẹ́nu mi, bí mo bá rántí ọyẹ́ ọdún yẹn, ara mi ṣì máa ń ta.

Bẹyẹrúnkà, nílùú Ìbàdàn níbí, ni agbolé wa wà. Bàbá àgbà mi ti kú, wọ́n sì fi ìyàwó méjì sílẹ̀. Ìyáálé ni ìyá tó bí bàbá mi. Bàbá mi nìkan ló kù fún wọn nínú ọmọ, èmi nìkan sì ni bàbá mi tíì bí nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n máa ń fi mí sí nígbà ọyẹ́, torí pé bàbá àti ìyá mi á ti lọ sí oko, wọ́n á máa kórè. Ìyàwó kejì ni gbogbo àwa ọmọdé ń pè ní Ìyá Ọ̀kánkán, nítorí pé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn kọjú sí ti ìyá àgbà mi gan-an, àgbàlá ló wà láàárín. Gbogbo irun orí Ìyá Ọ̀kánkán ló ti funfun, síbẹ̀ “ìyàwó” ni ìyá àgbà ṣì ń pè wọ́n, ìyẹn lọ́jọ́ tí ìyá àgbà bá fẹ́ pè wọ́n rárá. Ọkọ tí àwọn méjèèjì ń du ti lọ, ìjà kò bá a lọ. Nígbà tí kò sí ọkọ mọ́, àwa ọmọdé ni wọ́n wá ń du.

Láàárọ̀ ọyẹ́, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, iná méjì ló máa ń wà ní àgbàlá yẹn, ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ti Ìyá Ọ̀kánkán, háà! Àdín ni wọ́n ń ṣe tà, nítorí náà èèpo èkùrọ́ ga bí òkìtì lẹ́yìn yàrá wọn. Èèpo èkùrọ́ bá sì ti ràn, kì í kú bọ̀rọ̀, ṣe ló máa ń pọ́n ròrò. Wọ́n á ri iṣu mọ́ inú eérú, wọ́n á bu epo sí àwo, wọ́n á máa dá àpárá, àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi máa ṣubú lu ara wọn. Gbogbo ọmọ agbolé wa ló máa ń wà níbẹ̀. Gbogbo wọn o, títí kan àwọn ọmọ ilé kejì tí kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n.

Èmi nìkan ni mi ò sí níbẹ̀. Ìyá àgbà mi ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí: “Ọmọọmọ tèmi kì í lọ yáná ẹlòmíràn.”

Iná tiwa wá rèé, igi díẹ̀ tí mo ṣà fúnra mi, ìdajì rẹ̀ tútù, èéfín ló ń rú. A ní iṣu nílé o, kì í ṣe pé a ò ní. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ní àwọn ò ní fi oúnjẹ bẹ ọmọ ẹnikẹ́ni kó tó wá jókòó ti àwọn. Ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n máa ń pò fún mi, màá fi ọwọ́ méjèèjì di igbá rẹ̀ mú kí ooru rẹ̀ lè wọ̀ mí lára. Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe máa ń jókòó. Ìyá àgbà á wo ọ̀kánkán, wọ́n á pòṣé. Èmi náà á wo ọ̀kánkán, màá gbé itọ́ mì.

Mo jowú àwọn ọmọ yẹn débi pé ẹ̀rín wọn ń bí mi nínú. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí kò ju ẹgbẹ́ mi lọ. Bó bá ti gba iṣu tirẹ̀, á gbé e sókè kí n lè rí i dáadáa, á fẹ́ ẹ, fùù, fùù, á wá máa ge é jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé. Mo gbàdúrà kí iṣu náà jó o lẹ́nu. Ó kúkú jó o lẹ́nu lọ́jọ́ kan. Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, a jí, iná wa ti kú. Ìṣáná ti ń wọ̀lú nígbà náà, àmọ́ nǹkan ẹni tó rí jájẹ ni. Àwa a máa ń fi eérú bo iná mọ́jú ni, bó bá sì ṣèèṣì kú, ọmọdé á mú àpáàdì, á lọ bu ẹyín iná wá lọ́dọ̀ aládùúgbò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ikọ́ ti ń bá ìyá àgbà jà láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò lè so ìró wọn. Mo wo ọ̀kánkán, iná ti pọ́n níbẹ̀. Mo gbé àpáàdì. Inú mi dùn! Mo ní lónìí, Ọlọ́run ti gbọ́ tèmi.

“Níbo lò ń lọ?”

“Mo fẹ́ lọ bu iná wá ni.”

“Bẹẹrẹ ni wàá lọ. Lọ bá àbúrò mi níbẹ̀, kí o ní iná wa kú.”

Bẹẹrẹ kẹ̀! Nítorí iná tí mo ń rí níwájú mi! Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ láti jiyàn? Mo kọjá níwájú àwọn tó ń jẹ iṣu, mo gbójú sápá kan, mo jáde sínú kùrukùru. Àbúrò ìyá àgbà bu ẹyín iná sínú àpáàdì fún mi, wọ́n fi eérú bò ó. Atẹ́gùn ọyẹ́ kò gbà. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà agbolé wa, gbogbo rẹ̀ ti di èédú dúdú. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe iná nìkan ni mò ń sunkún sí o. Iṣu wà nínú ẹkún náà.

Ìyá Ọ̀kánkán ló jáde sí mi. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n gba àpáàdì lọ́wọ́ mi, wọ́n da èédú inú rẹ̀ nù, wọ́n bu ẹyín iná tiwọn kún un. Mo na ọwọ́, wọn ò gbé e fún mi. Àwọn fúnra wọn ló gbé e, wọ́n gba àárín àgbàlá kọjá lọ tààrà sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Gbogbo ẹ̀rín dá. Àní ọmọbìnrin yẹn pàápàá gbàgbé iṣu sẹ́nu.

Ọmọdé ni mí, àmọ́ mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí ìyá àgbà mi bá kọ iná yẹn, òtútù àti ikọ́ yẹn lè gbé wọn lọ mọ́ mi lójú. Bí wọ́n bá sì gbà á, wọ́n ti gba ohun tí wọ́n ti ń kọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìyàwó yìí wọlé.

Ìyá Ọ̀kánkán kúnlẹ̀ tòun ti àpáàdì lọ́wọ́. “Ẹ kú ọyẹ́, ìyá mi. Iná rèé.”

“Mi ò rán ẹnikẹ́ni sí ọ.”

“Mo mọ̀. Ẹ rán an kọjá mi ni. Mo rí i nígbà tó ń lọ.”

Ìyá Ọ̀kánkán wá rẹ ohùn wọn sílẹ̀, àmọ́ ibi tí mo dúró sí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. “Ìyá mi, mo mọ̀ pé ẹ ń jowú mi nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Iṣu ni wọ́n wá jẹ. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sun iṣu, èmi àti èèpo èkùrọ́ ni yóò kù. Ọlọ́run kò fún mi ní ọ̀kan tèmi. Ẹ̀yin ni mò ń jowú. Ẹ ò sun nǹkan kan fún ọmọ yìí, síbẹ̀ láràárọ̀ ni mò ń rí i nínú èéfín, tó ń jókòó tì yín.”

Ẹ gbọ́ nǹkan, ẹ̀yin ọmọ! Èmi tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu dè mọ́lẹ̀! Èmi tí mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sá lọ bí wọ́n bá tú mi sílẹ̀! Ìyá àgbà wò mí. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Àwa méjèèjì mọ̀, ẹni tó kúnlẹ̀ yẹn nìkan ni kò mọ̀. Ìyá àgbà kò sọ ọ́, èmi náà kò sọ ọ́.

“Gbé e kalẹ̀,” ni ìyá àgbà wí, “kó má baà jó ọ lọ́wọ́.”

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe jókòó sí àyè mi, ìyá àgbà ní kí n dìde, kí n lọ jẹ iṣu. Mi ò dúró gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo já wọ àárín àwọn ọmọ yẹn, mo gba iṣu tèmi, mo rì í bọ epo, mo sì gbé e sókè kí ọmọbìnrin yẹn lè rí i. Ó dùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ dé ìdajì ni mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá Ọ̀kánkán ti fi wá sílẹ̀ sídìí iná wọn, wọ́n ti gbé àpótí ìjókòó wọn lọ, wọ́n sì ti jókòó síbi tí mo ti dìde. Wọ́n ń sọ nǹkan kan fún ìyá àgbà. Ìyá àgbà mi, tí wọn kì í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mi ju kí ètè wọn yẹ̀ díẹ̀ lọ, fi ọwọ́ lu itan, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Owú tí mo jẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ti iṣu kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo lọ dúró níwájú wọn pẹ̀lú epo lẹ́nu. Mo dúró, mo dúró. Wọn ò sún fún mi.

Ayé ti yí padà. Ẹnikẹ́ni kì í mú àpáàdì lọ bu iná mọ́ nílùú Ìbàdàn, ògiri lẹ fi ọwọ́ tẹ̀ tí iná fi ń tàn. Ọyẹ́ ṣì ń dé, ó ṣì ń bo òkè Mápó mọ́lẹ̀ tòun ti gbọ̀ngàn orí rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wò ó. Èmi ṣì máa ń dáná èédú sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀. Mi ò lágídí ìyá àgbà mi, mo ń sun iṣu. Síbẹ̀, inú pálọ̀ ni gbogbo àwọn ọmọọmọ mi máa ń wà, níwájú tẹlifíṣọ̀n. Mò ń jowú àpótí yẹn, mo sọ ọ́ gbangba. Kì í sun iṣu fún ẹnikẹ́ni, gbogbo ọmọ ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lọ́yẹ́ tó kọjá, èyí tó kéré jù nínú wọn jáde wá bá mi. Mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú ilé, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọmọ náà fa ojú ro díẹ̀, ó dúró, ó ń wo iná. Mi ò bi í pé ta ló rán an wá. Mo sún fún un.