Eyín Mọ́kànlá Tí Kì í Ṣe Ti Moses

Moses Lájídé kì í tètè bínú, ṣùgbọ́n bí inú bá bí i, ó máa ń pẹ́ kó tó rọ̀. Ọmọ ìlú Ìyámoyè ni. Ìwé mẹ́ta péré ló kà kí bàbá rẹ̀ tó kú, ló bá lọ kọ́ṣẹ́ mọ́tò ní Kàdúná. Ohun méjì ló gbà bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀: kò sí gíà tí yóò tò láìka eyín rẹ̀, kò sì sí èyí tí yóò tò tí kò ní lu ojú àmì mẹ́ta sí lára. Ní ọdún 1978, tí Kabba ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, ó ti lo ọdún mẹ́tàlá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn gáréèjì Kabba.

Nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ méjì, Babátọ́pẹ́ ọmọ Pa Ọláníran gbé mọ́tò eré pupa kan dé láti Ìlọrin. Ènìyàn méjì péré ló ń gbà. Ó fẹ́ fi bá Gbádéyan ará Ìyàrà díje ní Mọ́ńdè Àjíǹde, lójú ọ̀nà tí àwọn tó ń la ọ̀nà ti pa tì lẹ́bàá Ògìdì, èyí tó yí òkè ká ní máìlì méjì.

“Bọ̀dá Moses, mọ́tò yìí ń sá ọgọ́fà máìlì ní wákàtí kan.”

“Níbo?”

“Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.”

“Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ti máa díje ni?”

Moses lọ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Ògìdì náà. Kọ́ńà mẹ́sàn-án, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ méjì. Ibi tó gùn jù tí kò wọ́ kò ju irínwó ìṣísẹ̀ lọ. Ó padà wá.

“Kí o tó sá dé ọgọ́rin, o ti ní láti tẹ bíréékì. Ogójì tó kù, ta lo fẹ́ lò ó fún?”

Ó ṣí ìdérí gíà ẹ̀yìn, ó fi hàn án. Irin gíà kékeré ló ń yí ńlá, ńlá ló ń yí táyà. Ńlá ní eyín mọ́kànlélógójì, kékeré ní mọ́kànlá. Bí kékeré bá jẹ́ ẹléyín mẹ́sàn-án, ẹ́ńjìnnì yóò yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eré tó pọ̀ jù tí mọ́tò lè sá yóò dínkù, ṣùgbọ́n yóò fò jáde nínú kọ́ńà.

“Ẹ ṣe é,” ni Babátọ́pẹ́ wí.

Moses ṣe é. Ó tò ó, ó lu àmì rẹ̀ sí i.

Pa Ọláníran jókòó síwájú ilé nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé mọ́tò náà délé. Alàgbà ìjọ ni, ó sì ti ní lọ́rì mẹ́ta rí. Ní Kabba ìgbà náà, etí la fi ń mọ mọ́tò tó dára. Èyí tí kò pariwo ni ara rẹ̀ yá, èyí tó ń ké ti fẹ́ kú. Pa gbọ́ igbe ẹ́ńjìnnì náà, ó dìde.

“Ta ló ń pa mọ́tò ọmọ mi?”

Babátọ́pẹ́ bá gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn. Wọ́n dá ẹléyín mọ́kànlá padà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún Moses.

Lọ́jọ́ ìdíje, gbogbo kọ́ńà ni Gbádéyan ti ń fi mọ́tò rẹ̀ àtijọ́ jáde síwájú. Mọ́tò pupa náà á máa gbọ̀n, á máa fà. Nígbà tó bá wá fẹ́ máa lé e bá, kọ́ńà mìíràn á ti dé. Moses dúró létí ọ̀nà. Ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà bó ṣe lọ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé gíà yẹn kì í ṣe tòun. Gbádéyan ló borí. Kí Moses tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Babátọ́pẹ́ ti ń pariwo láàárín èrò:

“Moses ló ba mọ́tò mi jẹ́! Pàǹtí ló tò sí i!”

Kò pè é ní Bọ̀dá mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn oníbàárà mẹ́ta wá kó mọ́tò wọn lọ. Ọ̀kan kò tilẹ̀ kí i. Iṣẹ́ yìí nìkan ló ń bọ́ ilé rẹ̀.

“Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀,” ni Lucy ìyàwó rẹ̀ wí.

“Mi ò ní ọ̀rọ̀ í sọ. Màá ṣí gíà yẹn ni.”

Ní òwúrọ̀ Sátidé ó kó irinṣẹ́, ó dé ilé Pa.

“Okun o, Moses,” ni Pa kí i.

“Okun, Bàbá. Ẹ ní kí wọ́n gbé mọ́tò yẹn wá síbí.”

Ó wọ abẹ́ mọ́tò. Ó da ọ́ìlì sílẹ̀, ó ṣí ìdérí. Ó pe Babátọ́pẹ́.

“Ka eyín kékeré yẹn.”

“Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí?”

“Nínú àwa méjèèjì, ìwọ lo kàwé. Kà á sókè.”

Ó kà á. Nígbà tó dé mẹ́sàn-án, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

“Kò tíì tán,” ni Moses wí.

“Mẹ́wàá. Mọ́kànlá.”

“Àmì mi dà?”

Kò sí. Pa Ọláníran tẹ orí ba.

“Èmi ni mo ní kí wọ́n yí i padà. Igbe rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù.”

“Ẹ̀rù bà yín, ẹ ò bi mí. Igbe yẹn ni mọ́tò ì bá fi jáde nínú kọ́ńà!” Ó kọjú sí Babátọ́pẹ́. “Bàbá kò mọ̀. Ìwọ mọ̀. O mọ̀, o sì dúró láàárín ènìyàn, o bú mi. Gíà mi dà?”

Inú búùtù ló wà, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e. Eyín mẹ́sàn-án, àmì mẹ́ta. Babátọ́pẹ́ dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bọ̀dá.”

“Dìde. Ojú gbogbo ayé lo ti bú mi. Àwa mẹ́ta péré ló wà níbí. Gáréèjì ni kí o ti lọ sọ ọ́.”

Pa Ọláníran dé fìlà rẹ̀, òun ló ṣíwájú. Ní gáréèjì, Babátọ́pẹ́ sọ bí igbe mọ́tò ṣe bà wọ́n lẹ́rù tí wọ́n fi yọ gíà Moses, ojú ilẹ̀ ló ń wò.

“Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ gbé ohùn sókè!” ni awakọ̀ kan wí. “Àbí ẹ̀ ń bẹ̀rù igbe ni?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Moses kò rẹ́rìn-ín. Babátọ́pẹ́ tún sọ ọ́, sókè. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ Moses.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi to tiyín padà.”

“Ó wà nínú búùtù rẹ. Ẹni tó yọ ọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó.”

Moses padà sábẹ́ lọ́rì tó ń tún ṣe.

Ní Mọ́ńdè, méjì nínú mọ́tò mẹ́ta tí àwọn oníbàárà kó lọ padà wá. Ẹ̀kẹta kò wá. Moses kò gbàgbé orúkọ ẹni tó ni ín títí ó fi darúgbó.