Ará Bùràsíìlì tó ra fìlà mi láìná an

Ta ló ń rajà láìná an láyé yìí?

Mo máa ń ya fìlà àti bàtà fún àwọn èèyàn inú géèmù, mo sì ń tà wọ́n lórí ọjà géèmù náà. Dọ́là méjì ló wà lọ́kàn mi fún fìlà tuntun kan. Mo wá pè é ní márùn-ún kí oníbàárà lè ráyè ná an. Ọjà náà fúnra ẹ̀ ló ń ṣẹ́ ẹ sí owó ìlú oníkálùkù.

Láàárọ̀ yìí, ará Bùràsíìlì kan san márààrún!

Mo figbe ta. Màámi, tó gbé iṣu wá fún mi láti Òkè-Àkó, sáré wọlé.

"Kí lo tà?"

"Fìlà inú géèmù ni, Màámi."

"Ṣé ó ná an?"

"Kò ná an rárá."

"Háà! Tètè fún un lẹ́nì, kó má lọ ulé lásán."

Mo fi bàtà kan ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ṣé mo ṣì í fi ránṣẹ́ ni. Mo ní rárá, ènì ni, bá a ṣe ń ṣe é nílùú wa nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ra fìlà. Kò tiẹ̀ kí mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ:

"ENI?"

Màámi ní kí n fún èyí níṣu. Mo ti ń ya iṣu náà báyìí o. Fìlà ti wà lórí èèyàn inú géèmù rẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kó gbé iṣu náà léjìká ni, àbí kó há a mọ́ abíyá?