Ọwọ́ Mi Ń Gbọ̀n Nínú Àdúrà

Ní Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin ìjọ wa ní Ìtamága, ni mo kọ́kọ́ rí i pé nǹkan kan ò lọ bó ṣe yẹ. Mo gbé ọwọ́ lé orí arábìnrin kan, mo ń gbàdúrà fún un, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n. Bí a ṣe ṣe àmín tán, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Mọ́mì Tómi, agbára Ọlọ́run wà lọ́wọ́ yín lónìí o. Mo mọ̀ ọ́n lára." Inú mi dùn. Àmọ́ nígbà tí mo délé, tí mo gbé abọ́ ògì fún ọkọ mi, ọwọ́ yẹn ṣì ń gbọ̀n, ògì sì dà sí aṣọ tábìlì. Mi ò gbàdúrà nígbà yẹn. Ògì ni mo kàn gbé.

Ọmọ Ìkirè ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ìkòròdú. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ni mo wà, lágbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ọkọ mi jẹ́ olùkọ́, ọmọ Ẹ̀pẹ́ sì ni. Nínú ìjọ, èmi ni mò ń darí àdúrà àwọn obìnrin, èmi náà ni mo sì máa ń dá orin. Àwọn èèyàn a máa ní kí n bá àwọn béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run: ṣé kí àwọn kó kúrò nílé tí wọ́n wà ni, ṣé ọkùnrin yìí ni kí ọmọ àwọn fẹ́. Mo máa ń jí ní ìdájí, màá jókòó sórí àga kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, màá dákẹ́. Mi ò kì í gbọ́ ohùn kankan létí. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọkàn mi á balẹ̀ sí ibì kan, mo sì ti kọ́ láti gbẹ́kẹ̀ lé ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn.

Láàárín oṣù díẹ̀, ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn kúrò pátápátá. Tí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, àyà mi á máa sáré bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Oorun dá lójú mi, mo rò pé Ọlọ́run ló ń pè mí sí àdúrà òru. Mò ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ mò ń rù. Àwọn obìnrin ìjọ ní ààwẹ̀ ló jẹ́ kí ara mi fúyẹ́, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ooru á mú mi nínú bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ nígbà tí àwọn yòókù bá ní kí n ti fèrèsé. Èyí tó dùn mí jù ni pé mò ń jágbe mọ́ ọkọ mi lórí nǹkan tí kò tó nǹkan. Mo sunkún lọ́jọ́ kan nítorí pé kò dá ìdérí ìkòkò padà sí àyè rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Abíọ́dún, ìwọ kọ́ nìyí o."

Tómi, ọmọbìnrin wa, ló rí i. Ó wá lo ìsinmi nílé láti yunifásítì. A jọ ń jẹun, mo gbé ife omi sẹ́nu, ló bá tẹjú mọ́ ọrùn mi.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún omi yẹn mu."

Mo tún un mu.

"Nǹkan kan ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn yín. Dádì, ẹ wá wò ó."

Ọkọ mi fi ìka kàn án jẹ́jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ló mú mi lọ sí ọsibítù.

A jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá kan tó jókòó tì mí rí bí òógùn ṣe bò mí, ó sì ń fi abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí mi láìbéèrè orúkọ mi. Nígbà tó kàn mí, dókítà, obìnrin kan tí mo lè gbà bí àbúrò, ní kí n na ọwọ́ mi síwájú. Ó gbé bébà kan lé ẹ̀yìn ọwọ́ mi, bébà náà sì ń gbọ̀n.

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń ṣe báyìí, Mà?"

Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé agbára Ọlọ́run ni. Mo gbé e mì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àlàyé tó ṣe fún mi, torí ó lè wúlò fún ẹlòmíì. Ẹ̀yà ara kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ẹṣẹ́ wà níwájú ọrùn wa, ó rí bíi labalábá tó na ìyẹ́. Táírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, èròjà yìí ló sì ń sọ fún ara bí yóò ṣe yára tó: bí ọkàn yóò ṣe máa lù, bí ara yóò ṣe máa lo oúnjẹ. Tí èròjà náà bá kéré jù, ara á máa falẹ̀, òtútù á máa múni. Tó bá pọ̀ jù, ohun tó ń ṣe mí yẹn ló máa ń fà. Tí ẹṣẹ́ náà bá wú, òun ni àwa Yorùbá ń pè ní gẹ̀gẹ̀. Kì í ṣe gbogbo gẹ̀gẹ̀ ló ń mú kí àyà máa sáré, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí àyà rẹ̀ ń sáré ni gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ máa ń hàn síta. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀.

Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń dín èròjà náà kù àti èyí tó ń mú kí àyà rọlẹ̀. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé gẹ̀gẹ̀ náà ti ń fún ọ̀nà èémí mi mọ́, kò sì rọrùn fún mi mọ́ láti fẹ̀yìn lélẹ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló dára jù. Kò fi nǹkan kan pa mọ́: iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣàkóso ohùn gba ẹ̀gbẹ́ ẹṣẹ́ yẹn kọjá, wọn á ṣọ́ra, àmọ́ ohùn mi lè yí padà.

"Èmi ni mò ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì," ni mo wí.

Dókítà ní, "Mo gbọ́ yín, Mà."

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n kọ́kọ́ gbọ́ látọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Mo padà sórí àga mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Èmi tí mò ń bá àwọn ẹlòmíì béèrè, mi ò gbọ́ nǹkan kan nípa ti ara mi. Pásítọ̀ wa wá gbàdúrà, ó ní kí n gba ọ̀nà tí àlàáfíà bá wà. Mi ò rí àlàáfíà níbì kankan. Tí mo bá ronú pé kí n ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù á bà mí. Tí mo bá ronú pé kí n má ṣe é, ẹ̀rù á tún bà mí.

Ọkọ mi ní kí n lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá òun ní Ẹ̀pẹ́. Mùsùlùmí ni Ìyá. Ó ti fi òwò ẹja tó ń ṣe ní Ọjà Olúwo sílẹ̀, àmọ́ ó ṣì máa ń lọ jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò bá mi jà rí lórí ẹ̀sìn. Tó bá ti kírun ìdájí tán, á kan ilẹ̀kùn mi, á ní, "Ìyàwó mi, àkókò tìẹ ti tó o."

Ní ọ̀sán kan, a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, à ń yọ egungun kúrò lára ẹja yíyan tí a fẹ́ fi se ọbẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní mò ń dúró de Ọlọ́run ni, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló rí i pé ọrùn ẹ wú?"

"Tómi ni, Mà."

"Ta ló mú ẹ lọ sí ọsibítù?"

"Ọmọ yín ni."

"Dókítà ńkọ́? Ó mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ àbí kò mọ̀ ọ́n?"

"Ó mọ̀ ọ́n, Mà."

"Oògùn tó fún ẹ, ṣé ó ṣiṣẹ́?"

"Ó ṣiṣẹ́."

Ó wò mí lójú. "Ọmọ mi, ṣé Ọlọ́run ò tíì sọ̀rọ̀ ni, àbí ohun tó sọ ni kò wù ẹ́ gbọ́?"

Mo bú sẹ́kún. Ìyá ò ní kí n dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ohùn ẹ dùn lóòótọ́. Tó bá lọ, á dun gbogbo wa. Àmọ́ ìwọ gan-an la fẹ́ kó wà."

Mo ti máa ń rò pé tí Ọlọ́run bá fẹ́ kí n ṣe nǹkan, ẹ̀rù á kọ́kọ́ kúrò. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé ọ̀nà lè hàn kedere kí ẹ̀rù sì wà níbẹ̀. Láti Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀ ni mo ti pe dókítà, mo ní mo gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Mo fẹ́ gbàdúrà, ọ̀rọ̀ ò wá. Mo kàn ní, "Olúwa, mo ti dé."

Nígbà tí mo jí, ó dà bíi pé egungun ẹja há mi lọ́fun. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn mi. Mo fẹ́ pe ọkọ mi, atẹ́gùn lásán ló jáde. Lọ́jọ́ kejì, ètè mi àti orí ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké mìíràn wà lẹ́yìn táírọ́ìdì, àwọn ló ń ṣàkóso káṣíọ̀mù, èròjà tí iṣan àti egungun nílò. Iṣẹ́ abẹ lè mú kí ó rẹ̀ wọ́n, kí káṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn rẹ̀, ó sì lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá máa ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, ẹ má fara da irú ìyẹn ní ìdákẹ́jẹ́ o. Ẹ tètè sọ fún wọn.

Ohùn mi ò padà bọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló jẹ́ pé wúyẹ́wúyẹ́ ni mo lè sọ. Ní àkókò yẹn, arábìnrin kan tó ń jẹ́ Fúnkẹ́ wá bá mi nílé. Wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ síṣẹ́ níbi tó jìnnà, kò mọ̀ bóyá kí òun tẹ̀ lé e. Ó ní kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo tọ́ka sí ọ̀fun mi. Ó ní kò burú, òun á kàn jókòó tì mí ni. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ọkọ rẹ̀, ó sọ ti ìyá rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń tọ́jú, ó dákẹ́, ó tún sọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀.

"Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe, Mọ́mì. Ẹ ṣé gan-an. Ọlọ́run lò yín fún mi."

Bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan ò tíì jáde lẹ́nu mi. Bí Fúnkẹ́ ṣe jáde nílé tán, mo rẹ́rìn-ín láìní ohùn.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa báyìí, àmọ́ ibi gíga nínú orin ti kọjá agbára mi. Ẹlòmíì ló ń dá orin, èmi ń gbè é. Ó dùn mí gan-an ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́. Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mò ń lo oògùn kan láràárọ̀ dípò ẹṣẹ́ tí wọ́n yọ, mo sì máa lò ó títí ayé mi. Tí ara bá ń ṣe yín ní ohun tí kò yé yín, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Ara yìí kan náà ni mo fi ń wá Ọlọ́run láti kékeré, síbẹ̀ mi ò fetí sí i rí.

Tí mo bá wẹ̀ tán, mo máa ń fi òróró pa ojú àpá iṣẹ́ abẹ náà níwájú dígí. Mo máa ń sọ ọ́ jáde, kì í ṣe nínú ọkàn, pé, "Olúwa, ẹ ṣeun." Ohùn mi máa ń há díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jáde.