Rọ́bà Kápẹ́ẹ̀tì Tí Mo Gé ní Bẹẹrẹ

Ilé kan wà ní Bẹẹrẹ, ní apá ibi tí ènìyàn ti ń rí Òkè Mápó lókè gan-an, tí òórùn yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò tíì kúrò nímú mi dòní: kòlítà, kẹrosíìnì, àti tùràrí tí wọ́n ń sun fún òkú. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ̀ mí nígbà náà. Ìwé mi ò kọjá kíláàsì kejì, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kàwé. Láti Ìsàlẹ̀ Òsì títí dé Òkè Padre, ẹni tó bá ra rọ́bà kápẹ́ẹ̀tì, èmi ni yóò pè. Àwọn bíríkìlà yòókù á kàn tẹ́ ẹ sílẹ̀ lásán; tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, etí rẹ̀ á ti ká sókè bí ewé gbígbẹ. Èmi, kòlítà gbígbóná ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì, láti etí dé àárín.

Ìyàwó kékeré baálé ilé yẹn ló ra rọ́bà náà. Àdìrẹ ló ń tà l'Ọ́jà'ba, èrè ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi rà á, pupa òun funfun, ó ń dán débi pé àwọn aládùúgbò á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní lè tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí mo lẹ̀ ẹ́ tán, ó gbé omi tútù fún mi, ó ní bí òun bá fẹ́ ṣí i kó lọ lọ́jọ́ kan ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, ọwọ́ tó lẹ̀ ẹ́ ló mọ bó ṣe ń ṣí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí. Odindi ni n ó gbé e lé yín lọ́wọ́." Mi ò fi ẹnu lásán sọ ọ́ o. Áyọ́ọ̀nù eléèédú méjì ni mo fi ń ṣe é: n ó tẹ́ àkísà tútù sórí rọ́bà, n ó máa fi iná áyọ́ọ̀nù yọ́ kòlítà abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, n ó máa ká a bí ẹni ń ká ẹní. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n n'Íbàdàn.

Lọ́dún kẹta, baálé náà kú láàárọ̀ ọjọ́ kan. O ṣáà mọ àṣà wa: inú yàrá rẹ̀ náà ni wọn yóò sin ín sí, Mùsùlùmí sì ni wọ́n, òkú ò gbọdọ̀ di ọ̀la. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ sàréè kí wọ́n tó kírun Alásárì, rọ́bà sì wà nílẹ̀. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù mi, oòrùn ò tíì kan àtàrí. Opó náà ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ọ̀gá," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ròkè, "ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi. Mi ò bímọ fún un. Bí mo bá ṣe opó tán, wọn ò ní jẹ́ kí n mú ṣíbí kan kúrò nílé yìí. Èyí nìkan ni tèmi."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ti ń fẹ́ná sí èédú nígbà tí ẹ̀gbọ́n òkú wọlé, ìyá àgbàlagbà kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, àwọn ọkùnrin méjì tó fẹ́ gbẹ́ sàréè tẹ̀lé e pẹ̀lú ọkọ́ àti dígà. Ó wo áyọ́ọ̀nù mi.

"Bíríkìlà, aṣọ lo fẹ́ lọ̀ fún òkú ni?"

"Ìyá, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Odindi ni n ó ká a."

"Ta ló bẹ̀ ọ́ ní odindi? Àbí ìyàwó ilé ló ń pàṣẹ fún ọ?"

Ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́lẹ̀ ní, "Ọ̀gá ti di alágbàfọ̀, Ìyá. Ẹ jẹ́ á wá ọkùnrin pè." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo lè ní kí wọ́n jáde. Àkókò wà, mo sì mọ̀ pé ó wà. Ọ̀bẹ ni mo fà yọ. Mo ní, "Ẹ wá wo bí ọkùnrin ṣe ń ṣe é," mo sì la rọ́bà náà láti ògiri dé ògiri. Opó náà ké "Ọ̀gá!" lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò gbójú sókè. Mo là á lóòró, mo là á níbùú, mo ń fà á ya bí ẹni ń bó awọ ẹran, mo sì ń jù ú sẹ́yìn síbi tó dúró sí. Ẹ̀gbọ́n òkú ní, "Ìyàwó, gba ẹrù rẹ." Kí n má purọ́ fún ọ, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kòlítà ò mọ ọkùnrin. Nítorí pé mi ò yọ́ ọ, ìdajì abẹ́ rọ́bà ló kù mọ́lẹ̀, dúdú, ó rí ṣákaṣàka bí èépá egbò. Ó ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀, àfáà tó wá sìnkú sì ní òun ò lè kúnlẹ̀ ṣàdúà lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo wá kúnlẹ̀. Mo da kẹrosíìnì sí i, mo da yanrìn lé e, mo ń fi irin pẹlẹbẹ ha á, èékánná mi ń ya, ojú ń ta mí. Àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń jẹ obì. Wọ́n kírun Alásárì tán, mi ò tíì ha á dé àárín. Ká ní áyọ́ọ̀nù ni mo lò, ǹ bá ti parí tipẹ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo ń gbọ́ opó náà lẹ́yìn mi, ó ń ṣa rọ́bà, ó ń tò ó léra wọn, èyí tó tóbi nísàlẹ̀, èyí tó kéré lókè. Kò bú mi. Ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ ni wọ́n tó sin ọkọ rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, wọ́n pè mí sí ilé kan ní Kúdẹtì pé kí n wá rẹ́ ògiri. Mo wọ yàrá, mo wolẹ̀: pupa òun funfun. Ẹnì kan ti tò gbogbo rẹ̀ padà, ẹ̀là kan sí ẹ̀là kejì, ojú ọ̀bẹ mi sì hàn lára rẹ̀ bí ilà ojú. Ilé bàbá opó náà ni mo wà. Òun fúnra rẹ̀ jókòó lórí àpótí láàárín àwọn obìnrin ilé.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá." Ó yíjú sí wọn. "Ọ̀gá tí mo sọ fún yín nìyí. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀."

Wọ́n wò ó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo ti lẹ̀ rọ́bà sí ọ̀pọ̀ ilé lẹ́yìn ìyẹn, títí dòní mi ò sì rí ẹni tó tó mi. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá bi mí bóyá mo lè ṣí i lódindi, mo máa ń ní rárá o, kò ṣeé ṣe. Irọ́ ni, ọ̀rẹ́ mi. Ó ṣeé ṣe, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí obìnrin kan tún dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó gbà mí gbọ́.