Òrí Tí Ìyá Mi Kò Lè Lá

Inú máa ń bí mi nígbà tí mo bá gbọ́ àwọn tí wọ́n ń kọ́ ẹni tí ó fẹ́ dá òwò kékeré sílẹ̀ pé kí ó kọ́kọ́ wá orúkọ tí ó ń dún àti àwòrán tí ó ń dán. Wọn kì í bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ tà, wọn kì í sì í bi í léèrè ẹni tí yóò rà á. Mo mọ ibi tí ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ń gbé ènìyàn dé, nítorí èmi fúnra mi ni mo fi ba ọjà ìyá mi jẹ́.

Òrí ni ìyá mi ń tà ní Ṣakí ní àwọn ọdún 1970 tí mo wà ní yunifásítì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣa èso rẹ̀ nínú igbó, tí ń yan án, tí ń lọ̀ ọ́, tí ń pò ó títí apá yóò fi máa ro ó. Èéfín a máa rùn díẹ̀ lára òrí náà, ewé ni ó sì fi ń dì í. Ṣùgbọ́n kò sí òrí tí ó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi ìka yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó lá a lójú oníbàárà, kí ó sì gbé e mì. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun fi ń wá a. Ẹni tí ó fẹ́ fi òrí pa ọmọ jòjòló lára, tí yóò fi díẹ̀ sí i lẹ́nu bí ikọ́ bá ń ṣe é, kò ní ra èyí tí ẹni tí ó ṣe é kò lè jẹ. Òrí àlátà ni wọ́n ń pè é: èyí tí a lá kí a tó tà.

Ojú ń ti èmi ọmọwé nítorí ìka yẹn.

Mo ní, “Màmá, ìwà ọ̀bùn ni. Ẹ ń ti ìka bọnu láàrin ọjà!”

Ó dá mi lóhùn pé, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìka yìí náà ló bọ́ ẹ dé yunifásítì.”

Síbẹ̀, ó gbà fún mi. Mo ra agolo pẹlẹbẹ, mo da lọ́fíńdà sí gbogbo òrí tí ó wà nílé, mo sì ní kí ilé ìtẹ̀wé tẹ bébà tí ó ní orúkọ òyìnbó àti àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun lára, tí a lẹ̀ mọ́ agolo náà.

Ní ọjọ́ ọjà, Àlàájà kan ládùúgbò wa dé. Aya ọmọ rẹ̀ ti bímọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ó ṣí agolo, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ìyá Olóòrí, ta ló kú tí ẹ fi da lọ́fíńdà sí òrí?”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. “Àlàájà, ọmọ yín tó ti yunifásítì dé ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀.”

“Kò burú. Ẹ lá a, kí n máa lọ.”

Ìyá mi ki ìka bọ inú agolo. Ó gbé e sókè, kò sì dé ẹnu rẹ̀. Ó wo ìka náà, ó wò mí, ó sì nù ún mọ́ etí ìró rẹ̀.

“Mi ò lè lá a. Ẹ má fi pa ọmọ náà lára.”

“Èyí tí kò ní lọ́fíńdà nínú ńkọ́?”

“Kò sí.”

Àlàájà dé agolo náà jẹ́jẹ́, ó sì lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ìbá bú wa, ìbá sàn.

Ohun tí mo pè ní ìwà ọ̀bùn ni ẹ̀jẹ́ tí ìyá mi ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́. Kò sí bébà tí ó lè jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn. Ìwọ tí ò ń dá òwò sílẹ̀, wá ohun tí o lè ṣe lójú ẹni tí ń rà lọ́wọ́ rẹ láìbẹ̀rù, kí o sì máa ṣe é lójoojúmọ́. Àwọn tí ń rà á ni yóò sọ ọ́ lórúkọ.

Ìyá mi po òrí mìíràn. Àlàájà padà wá nígbà tí aya ọmọ rẹ̀ tún bímọ. Àwọn mìíràn kò padà wá mọ́ títí ìyá mi fi ṣíwọ́ ọjà. Kò fìgbà kan bá mi wí. Ohun tí ó máa ń béèrè lọ́wọ́ mi ni bóyá ara àwọn ọmọ àwọn obìnrin tí kò padà wá náà le.